Ojú Ìwé Wo La Wà?

Ẹni tí Hébérù rẹ̀ kò ju tín-ín-tín lọ, tó wọ sínágọ́gù ní New York lọ́jọ́ Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù àwọn Júù, ojú ni yóò fi gbàdúrà. Ìwé àdúrà ọdún, tí wọ́n ń pè ní machzor, ki bíi búlọ́ọ̀kù, apá ọ̀tún ni wọ́n sì ti ń ṣí i. Kó tó to lẹ́tà mẹ́ta pọ̀, ìjọ ti kọjá lọ.

Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kó wá bàbá arúgbó kan tó mọ gbogbo rẹ̀ lórí, kó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá dìde, òun náà dìde. Bàbá tẹrí ba, òun náà tẹrí ba. Àfi kó ṣọ́ra o, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ilé ìtọ̀ ni bàbá ń lọ.

Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló wá dùn jù. Bí álífábẹ́ẹ̀tì ṣe tò ni wọ́n to ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu àyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin wa náà ń lu tirẹ̀, gbì, gbì. Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Ẹ má bi í.

Kó má sì jẹ́ kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń fi Hébérù yangàn dẹ́rù bà á. Àdúrà Kol Nidre tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná, èdè Árámáíkì ni, kì í ṣe Hébérù. Ẹni yẹn náà ń yọjú wo Gẹ̀ẹ́sì tó wà lódìkejì ìwé.