A Sọ Máíkì Lórúkọ, A Ò Wo Ilé

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ yóò máa ti inú páálí jáde tòun torúkọ, lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀.

Àbúrò mi kan ń ta gìtá n'Íbàdàn. Tó bá jókòó sábẹ́ igi, ẹni tó ń kọjá lọ á dúró. Tó bá gba orin yẹn kan náà sílẹ̀ ní yàrá rẹ̀, á máa dún bí ẹni wà ní bálùwẹ̀. Ó ní máíkì ló burú. Ó ra òmíràn. Ó wá ń dún bí ẹni wà ní bálùwẹ̀ olówó.

Mo lọ wo yàrá ọ̀hún. Táìsì nílẹ̀, ògiri lásán lọ́tùn-ún lósì. Ohùn á jáde lára gìtá, ògiri á dá a padà, àkọ́kọ́ àti àpadàbọ̀ á jọ wọ máíkì. Máíkì tuntun yìí, etí rẹ̀ mú ju ti àná lọ: ó gbọ́ fáànù, ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ìyá tó ń gúnyán lójúlé kejì. Ẹ ò lè ra olófòófó wọlé kẹ́ ẹ ní kó máa bo àṣírí.

Àbúrò mi tún kọjú máíkì sí ihò gìtá gan-an, ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń tú jáde bùù. Mo sún un síwájú fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Okùn gìtá náà ti dípẹtà. Ó ní máíkì ti gbé owó okùn lọ.

Mo sọ ìtàn Bruce Springsteen, olórin ará Amẹ́ríkà, fún un: oṣù kìíní 1982, ilé àyágbé ní Colts Neck, New Jersey, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì TEAC kan, máíkì Shure SM57 méjì tí kò wọ́n, rọ́ọ̀gì onírun nílẹ̀. Ó kàn fẹ́ fi han ẹgbẹ́ rẹ̀ bí orin ṣe rí ni. Wọ́n tún un ṣe ní sítúdíò, kò dùn tó ti ilé. Ti ilé náà ló di àwo Nebraska.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, ẹ tún nọ́ńbà máíkì yẹn pè." Kò bi mí ní rọ́ọ̀gì.

Kó tó di alẹ́, ó ti ra sọ́fítíwíà tó ń bu ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lé orin. Ó bu ṣọ́ọ̀ṣì lé bálùwẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbà wá. Oorun ń kùn ún, gìtá ò jẹ́. Ó fa fóòmù àlejò ti ògiri, ó ṣí wọ́dúróòbù tí agbádá àti aṣọ òkè kún bámúbámú, ó ní kí ọkọ òun kọjú síbẹ̀ kó máa ta á. Iná ti lọ, fáànù ti dákẹ́. Ohùn gìtá wọ inú aṣọ, kò padà. Èmi gan-an gbàgbé pé ilé ni mo fẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́ orin náà, wọ́n ní kí ló lò. Ó ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn. Méjì nínú wọn ti lọ rà á.