Ògiri Lanu, A Ń Ka Aláǹgbá

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọ̀gá tó ń tọ́jú sáfà Linux yóò jẹ́ kí ògiri máa lanu lọ, tí wọn yóò wá háyà ẹni tí yóò máa ka aláǹgbá.

ClamAV, ìyẹn antivirus kan, ni wọ́n háyà. Ọ̀fẹ́ ni. Tomasz Kojm, ọmọ ilẹ̀ Poland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Cisco ló ń bójú tó o báyìí. Kò ní ojú aláràbarà kankan tí à ń fi máúsì tẹ̀: inú tẹ́míná ni wàá ti tẹ clamscan, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti gbayì jù ni ẹnu ọ̀nà sáfà ìmeèlì, níbi tó ti ń yẹ ẹrù tí lẹ́tà gbé wá wò. Púpọ̀ nínú àrùn tó ń mú níbẹ̀ sì rèé, Windows ni wọ́n ń bá jà. Linux tó gbà wọ́n sílé, wọn ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ilé onílé ló ń ṣọ́.

Ìyẹn ò kan ọ̀gá wa, ọ́dítọ̀ tó ń bọ̀ ló kàn án. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba owó lórí káàdì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà PCI DSS, ìlànà náà sì fẹ́ ààbò lọ́wọ́ sọ́fítíwia burúkú. "Ṣé ẹ ní antivirus?" "A ní in, sà." Wọ́n máàkì ìwé, ó bùṣe. Ta ló béèrè bóyá freshclam, tó yẹ kó máa lọ gba àmì àrùn tuntun wá, ti sùn láti Iléyá èṣí? ClamAV fúnra rẹ̀ ń pariwo pé àkójọ àmì òun ti ju ọjọ́ 7 lọ. Ọ̀gá ti darí ariwo náà sí /dev/null, àlọ-àìbọ̀ ọ̀rọ̀. Bó tilẹ̀ rí àrùn, tí wọn ò bá fi --move tàbí --remove kún àṣẹ rẹ̀, yóò kàn kọ "FOUND" ni, yóò sì bọ́ sórí fáìlì mìíràn. Aláǹgbá kan rèé, ẹ kú iṣẹ́!

Ògiri ńkọ́? Ní 2016, kòkòrò Mirai gba kámẹ́rà àti ráútà rẹpẹtẹ tó ń lo Linux. Kò pidán. Ó bá Telnet, ọ̀nà tí à ń gbà wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ní ṣíṣí sílẹ̀, ó ń dán páswọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ bá wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é wò, irú "12345", ilẹ̀kùn sì ń ṣí. Láti 1988 ni kòkòrò Morris ti ń méfò páswọ́ọ̀dù lórí Unix!

Sọ fún ọ̀gá pé kó má fi páswọ́ọ̀dù wọ sáfà nípasẹ̀ SSH mọ́, kó lo kọ́kọ́rọ́ nìkan. Á ní wàhálà ni fáwọn ọmọọṣẹ́ òun. Ní kó ṣe ọ́pùdéètì. Á ní òun ò lè pa sáfà kóun tún tàn án. Ṣùgbọ́n clamd, apá ClamAV tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, nìkan ń jẹ mẹ́mórì tó ju gígábáìtì kan lọ, sáfà wá ń falẹ̀. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí owó mẹ́mórì tuntun.