Ọwọ́ Èkuru Lórí Òkun Aegean

Kí oṣù kẹfà tó wọlé lọ́dọọdún ni àwọn tó ń kọ̀wé fún arìnrìn-àjò afẹ́ ti máa ń gbé àtòjọ kan jáde: àwọn erékùṣù Gíríìsì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yìí. Orúkọ kan náà ló máa ń yí po níbẹ̀: Iraklia, Schinoussa, Donousa, Koufonisi, Sikinos, Anafi. Àwòrán etíkun á wà, iye owó yàrá á wà, aago tí ọkọ̀ ojú omi ń gbéra á wà pẹ̀lú. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé tán ni òǹkọ̀wé á wá bẹ̀ wá pé ká jọ̀ọ́, ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní, à ń wí pé kí èkuru tán nínú àwo, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sí i. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń wá òpin ọ̀ràn kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù kún un.

Ká sọ òótọ́, èrò tí àwọn tó ń ka àtòjọ náà ń sá fún tó sá fún. Santorini kò ju kìlómítà 76 onígun mẹ́rin lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 15,500, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 àlejò ló wọ ibẹ̀ lọ́dún 2023. Ọ̀ràn náà le débi pé láti oṣù keje ọdún 2025, ìjọba Gíríìsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba 20 yúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá sọ̀ sí Santorini tàbí Mykonos lásìkò tí èrò pọ̀ jù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn wá ibi tí yóò ti mí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín ni pé ẹni tó ń sá fún èrò kì í ka ara rẹ̀ mọ́ èrò. Òun mọ adùn ìdákẹ́rọ́rọ́. Ẹni tó bá dé lọ́sẹ̀ kejì, tó gba yàrá tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìyẹn ló wá ba ìlú jẹ́. Ẹ wo Paros, tí wọ́n máa ń júwe fún ẹni tí Mykonos bá ti sú. Lọ́dún 2023, àwọn ọmọ Paros fúnra wọn gbé aṣọ ìnura kọ́ èjìká, wọ́n wọ́de lọ sí etíkun, nítorí pé àga oníyàlò ti gba iyanrìn tán, onílé kò rí ibi tí yóò tẹ́ nǹkan sí mọ́. Ní Amorgos, wọ́n ya lára fíìmù The Big Blue tó jáde lọ́dún 1988, àwọn tó wò ó sì jọ kó ara wọn lọ wo ibi àdádó.

Ohun tó ń pa àwọn erékùṣù kéékèèké wọ̀nyí mọ́ kì í ṣe àṣírí rárá. Ìnira ni. Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Iraklia, ní Schinoussa, ní Koufonisi tàbí ní Donousa. Ọkọ̀ ńlá láti èbúté Piraeus a máa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́kàn lé ni Express Skopelitis, ọkọ̀ kékeré tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láàrin erékùṣù Naxos àti Amorgos fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń gbé èèyàn àti ẹrù láti èbúté kan sí òmíràn. Ìjọba ló ń fi owó ti irú àwọn ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, nítorí kò sí èrè níbẹ̀ tó lè fa oníṣòwò nígbà òtútù. Lóṣù keje àti ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ àríwá tí wọ́n ń pè ní meltemi á tún dé. Bó bá ti le tó ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort, àwọn aláṣẹ èbúté á sábà ní kí ọkọ̀ má gbéra, ọkọ̀ kékeré sì lè dúró kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ìnira yìí ló ń lé èrò sẹ́yìn. Kí wá ni olólùfẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ ń ṣe sí i? Ó ń bú u ni. Ọkọ̀ lọ́ra jù, ọkọ̀ ń mì jù, kí ló dé tí kì í wá lójoojúmọ́, kí ló dé tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní èbúté láti àárọ̀ nítorí afẹ́fẹ́ lásán? Ó fẹ́ kí ọkọ̀ yá, kó tóbi, kó pọ̀, ṣùgbọ́n kó má gbé ẹlòmíràn. Ó fẹ́ abúlé apẹja tí kò tíì lajú, tí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì yá tó ti ọ́fíìsì rẹ̀ nílé. Àánú rẹ̀ a tilẹ̀ máa ṣeni, bó ti jókòó lórí àpótí onítáyà lóru, tó ń wo òkun bóyá iná ọkọ̀ yóò yọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ àdúrà rẹ̀, Koufonisi ti di Mykonos nìyẹn.

Ìrìn náà fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀: erékùṣù márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, oorun alẹ́ kan níhìn-ín, oúnjẹ ọ̀sán lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí ẹnì kan bá sùn ní yàrá kan fún alẹ́ márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fọ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀kan. Bí èèyàn márùn-ún bá sùn níbẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sun alẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n máa fọ̀ ọ́, ní ibi tí òjò kò ti í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi mímu máa ń ti inú ọkọ̀ wá sí ọ̀pọ̀ erékùṣù bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun ló ń ṣe wàhálà náà, owó sì ni. Alábẹ̀wò ọ̀sán kan kò fi nǹkan kan sílẹ̀ ju owó kọfí lọ, àyàfi pàǹtírí rẹ̀, tí yóò dúró de ọkọ̀ tí yóò kó o.

Àwọn kan á ní, "Èmi nìkan ṣoṣo, kí ni mo lè bà jẹ́?" Donousa ní nǹkan bí 200 olùgbé. Ọkọ̀ kan péré tí 200 "èmi nìkan ṣoṣo" bá sọ̀ láti inú rẹ̀ ti sọ ìlú di méjì kí oòrùn tó wọ̀. Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ ká fi ṣeré: àwọn ará erékùṣù ń fẹ́ owó. Òótọ́ ni. Owó ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń jẹ títí òtútù yóò fi lọ, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Athens kí ilé ìwé má baà ṣófo. Ẹni tó bá ní kí àlejò má wá mọ́, kó lọ wí i lójú obìnrin tó ń yá èèyàn ní yàrá mẹ́ta ní Schinoussa, kó sì gbọ́ èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi ilé òun ṣe àṣírí. Ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n pẹ́. Àwọn àlejò ló ń ṣe bí ẹni pé àwọn ló ṣàwárí rẹ̀. Ohun tó wúlò fún un jù ni kí èrò oṣù kẹjọ pín sí oṣù karùn-ún àti oṣù kẹwàá, kí ẹni tó bá wá sì sùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ẹ bá àwọn olólùfẹ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ sọ èyí wò. Ẹ ní kí wọ́n wá sí Iraklia ní òpin oṣù kẹwàá, nígbà tí omi ṣì ṣeé wẹ̀, tí owó yàrá ti já, tí kò sí èrò tí wọ́n ń sá fún mọ́. Wọ́n á ní ilé oúnjẹ ti ń tì, wọ́n á ní ọkọ̀ ti dín kù, wọ́n á ní àwọn gbọ́ pé ibẹ̀ máa ń dákẹ́ jù nígbà náà.