Ọmọ Ajá Kọ́ Ló Kàn

Ẹni tó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀ tán, tó ti fẹ̀yìntì, kí ló tún ń wá nídìí ìtọ̀ ọmọ ajá lóru? Ọmọ ajá oṣù méjì kì í lè mú ìtọ̀ dúró di àárọ̀, sálúbàtà bàbá ló sì fi ń dán eyín wò. Ẹlòmíì á ní Ọbabìnrin Elizabeth ti Ìlú Ọba ṣáà gba ọmọ ajá lọ́dún 2021, nígbà tó ti lé ní 90 ọdún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ààfin kì í ṣaláìní ìránṣẹ́? Nígbà tó sì wàjà ní 2022, ọmọ rẹ̀ ló gba àwọn ajá náà sílé. Ajá sábà máa ń lo ọdún 10 sí 13 láyé; ẹni 80 ọdún tó ń ra ọmọ ajá, ogún ló ń pín láìmọ̀.

Bí ẹ bá ní ajá ń lé ìdánìkanwà lọ, mo gbà: ó ń múni rìn, ó sì ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu. Àmọ́ ajá tó ti dàgbà náà létí. Ẹ wá èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tó sì fẹ́ràn oorun ọ̀sán bíi tiyín.