Àǹtí Moyídíẹ̀ àti Ìkòkò Gbẹ̀gìrì

Kò sí àdúgbò tí kò ní Àǹtí Moyídíẹ̀ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyàwó ilé, ó lè jẹ́ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá gbé. Ó lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ọbẹ̀ ẹlòmíràn kì í kan ẹnu rẹ̀ kó má béèrè bí wọ́n ṣe sè é. Bó bá jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó pásítọ̀, á béèrè. Bí aládùúgbò bá bu ọbẹ̀ fún un, á béèrè kó tó fọ abọ́ dá a padà. Á fa bírò yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀ létòlétò, á dúpẹ́ títí ẹni tó júwe ọbẹ̀ á fi máa rò pé òun ti rí ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tó sì dé ìdí iná, ìwé á wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe nǹkan mìíràn. N kò fẹ̀sùn kàn án pé kò mọ ọbẹ̀ sè. Ẹ̀sùn mi ni pé ó ń dájọ́ ọbẹ̀ tí kò sè.

Ẹ jẹ́ ká fi gbẹ̀gìrì ṣe ẹ̀rí, nítorí ọbẹ̀ alẹ́ tí kò ní wàhálà ni, èlò rẹ̀ kò sì pọ̀ débi téèyàn á fi ṣì í kà. Wọ́n ní kó rẹ ẹ̀wà, kó bó o, kó fi omi lásán sè é títí á fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀. Kó fi ìjábẹ̀ já a tàbí kó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ata, epo pupa, irú àti iyọ̀ á wọlé, tí gbogbo rẹ̀ á hó pọ̀ díẹ̀. Ó parí. Àǹtí wa wo ẹ̀wà, ó ní ta ló ráyè bó èèpo, ṣebí ara èèpo náà ni oúnjẹ wà. Ó da tòmátì agolo sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ kí gáàsì má bàa jó lásán. Irú ń rùn dé pálọ̀, ó fi Maggi mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ti ń dirun pé epo pupa ní kọlẹ́sítéróòlù, ó gbé òróró. Ilẹ̀ ṣú tán pátápátá, ẹ̀wà ṣì le. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó yínmú: “Gbẹ̀gìrì tí àwọn ará Ìbàdàn ń pariwo náà rèé? Ẹnu lásán ni wọ́n ní.”

Kò sí èyí tí kò níṣẹ́ nínú ohun mẹ́rin tó fọwọ́ kàn. Tòmátì ní omi kíkan nínú, omi kíkan sì ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà obìnrin fi ń jẹ́ kí ẹ̀wà jinná tán kí ata tó wọlé, tí àwọn mìíràn sì ń sọ kánún bíńtín sí i, torí kánún ń ṣe òdìkejì iṣẹ́ tí omi kíkan ń ṣe. Èèpo tí a bó ló ń mú gbẹ̀gìrì jọ̀lọ̀; èyí tí a fi èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀wà olómi ni. Ní ti irú, wọ́n ti se igbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ti bó o, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó di ohun tí Àǹtí ń di imú sí. Maggi lè gbé iyọ̀ wá. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kò sí nínú bébà rẹ̀. Epo pupa ló ń fún ọbẹ̀ náà ní àwọ̀ tí a fi ń mọ̀ ọ́n lókèèrè, kò sì ní kọlẹ́sítéróòlù rárá, torí ara ẹyìn ló ti wá, kì í ṣe ara ẹran. (Ká ní bó ṣe ń dì nígbà òtútù ló tọ́ka sí, tó ní ọ̀rá rẹ̀ wúwo, à bá rí nǹkan jiyàn lé.) Gbẹ̀gìrì lè fara da ọ̀kan nínú ìyípadà wọ̀nyí. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, orúkọ nìkan ló kù nínú ìkòkò.

Ibi tó ti wá dùn wò nìyí. Bí àdàlù yẹn bá ṣèèṣì dùn, kò ní sọ pé ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́ òun. Á rọra rẹ́rìn-ín, á ní: “Wọ́n júwe nǹkan kan fún mi ṣá, mo wá yí i díẹ̀.” Bó bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ ìyàwó pásítọ̀ ló máa gbé ẹjọ́ lọ: “Mà, ọbẹ̀ tí ẹ júwe fún mi yẹn ò dáa o.” Ó jókòó sí ìhà méjèèjì ọpọ́n ayò, ẹni tó bá bá a ta á kò lè borí rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé àìfarabalẹ̀ lásán ló ń ṣe é. Aláìfarabalẹ̀ máa ń gbàgbé iyọ̀. Kì í gbàgbé irú, epo àti bíbó ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kó tún rántí ẹni tó máa dá lẹ́bi.

Àwọn kan á gbèjà rẹ̀ pé ìyá wa kì í wọn nǹkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Òótọ́ ni pé wọn kò wo ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ẹ̀ ń wí yẹn ti dúró ti ìkòkò ìyá tirẹ̀ láti kékeré, ó ti lọ ata tí wọ́n ní kó lọ, ó ti gba ìkó lórí nígbà tó da omi jù. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti mọ ọ̀nà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀bùrú. Àwa tí a ń fi kọ́ńgò wọn gàrí, tí a ń fi dérìcà wọn ẹ̀wà, tí a lè bá oníṣòwò jà torí ó ki ọwọ́ bọ agolo, a ò wá lè sọ pé ìwọ̀n jẹ́ àṣà àjèjì sí wa. Láti 1957 ni ìwé ìdáná tí R. Omosunlola Williams kọ ti wà lórí àtẹ, kò sì sọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni di ọwọ́ òyìnbó.

Wọ́n á tún ní ọjà ti wọ́n, tàbí pé ohun èlò kò sí nítòsí. Èyí kò kan Àǹtí wa, nítorí irú wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò rí ṣọkọ, tó fi sípínáàṣì ro ẹ̀fọ́, mọ ohun tó ń ṣe: ó mọ̀ pé omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó fún un dáadáa kó tó dà á sínú ata, ó sì ń sọ fún àlejò pé “ẹ má bínú o, kì í ṣe ṣọkọ.” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ lọ sọ pé ẹ̀fọ́ rírò kò dùn.

Àtakò kan ṣoṣo ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú mi: pé àwọn tó ń júwe ọbẹ̀ náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Òótọ́ ni. “Omi tó bá tó, iyọ̀ tó bá tó, kó o sè é títí á fi jinná” — ta ni ìyẹn ràn lọ́wọ́? Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ yọ nǹkan kan kúrò, kí ọbẹ̀ ẹlòmíràn má bàa dùn tó tiwọn. Ó yẹ kí a máa mú irú wọn. Ọ̀nà tí a lè fi mú wọn kò sì ju kí a sè é lẹ́ẹ̀kan péré bí wọ́n ṣe wí gẹ́lẹ́, ká wá gbé abọ́ náà padà lọ fún wọn pé kí àwọn náà tọ́ ọ wò. Ẹlẹ́tàn kò rẹ́ni mú un níwọ̀n ìgbà tí Àǹtí Moyídíẹ̀ bá jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Kí ni Àǹtí máa sọ nígbà tí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é?

Kò ráyè ìbéèrè bẹ́ẹ̀ báyìí ṣá. Ó ti pa gbẹ̀gìrì tì, ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀ ló tún kàn. Ìyá kan ní ìjọ ti jókòó, wọ́n ti ń júwe rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì dé ìdajì tó fi bi wọ́n pé, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé dandan ni kí ilá wà níbẹ̀.