Ọmọ Àgbẹ̀ Tí Òdòdó Fojú Rẹ̀ Rí Màbo

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, owó iṣu ni bàbá mi sì fi rán wa níléèwé. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé kò sí ohun tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ tí mo tún gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀. Nígbà tí mo ra kóró òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní áírísì nínú oṣù kẹsàn-án, ní Peckham tí à ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ ìlànà sẹ́yìn àpò rẹ̀: ibi tí oòrùn ń pa ni kí á gbìn ín sí, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, kí ihò rẹ̀ jìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo sọ ọ́ nù. Òyìnbó fẹ́ kọ́ ọmọ àgbẹ̀ níṣẹ́ ilẹ̀!

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ kí kóró náà tó fojú kan ilẹ̀ rárá. Ó kéré, ó yọrí ṣóńṣó, èèpo ara rẹ̀ sì rí bí àwọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àlùbọ́sà ni yóò pè é. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo bá kó o sínú agbọ̀n àlùbọ́sà. Nírọ̀lẹ́, mo gbóhùn ìyàwó mi láti ilé ìdáná.

“Bàbá Ìbejì, àlùbọ́sà wo lẹ rà yìí? Mo gé e, kò ta mí lójú, kò sì rùn.”

Epo ti gbóná lórí iná. Eré ni mo sá wọlé. Áírísì kì í ṣe ohun jíjẹ o. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, èébì àti inú rírun ni yóò bá a sùn. Ìyá Ìbejì wò mí títí, wọ́n ní, “Ẹ ò wá lè sọ fún èèyàn?” Ẹ̀wà tí kò ní àlùbọ́sà la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Amọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Mo kọ ebè sí i, ebè gidi, irú èyí tí bàbá mi yóò rí tí yóò kí mi. Ebè yẹn gan-an ò burú, torí ó ń jẹ́ kí omi ṣàn dànù. Ohun tó burú ni pé mo ri kóró náà wọlẹ̀ títí ilẹ̀ fi kàn mí ní ìgúnpá, mo sì tún da ìgbẹ́ ẹṣin lé e lórí. Orí òkè ní Tọ́kì, Ìráàkì àti Ìráànì ni irú áírísì yìí ti wá. Yìnyín ń bò ó nígbà òtútù, ilẹ̀ sì ń gbẹ táútáú mọ́ ọn lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi wá tẹ́ ẹ sínú amọ̀ tútù àti ìgbẹ́, mo ń retí kó dúpẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò jáde mọ́.

Àwọn tó yè tanná nínú oṣù kejì, nígbà tí à ń ha yìnyín kúrò lójú mọ́tò láàárọ̀. Àwòrán ara àpò ti mú kí n rò pé yóò ga dé ìbàdí mi, àṣé kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Àfi kí n kúnlẹ̀ kí n tó lè rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rẹwà, n ò ní purọ́: àwọ̀ aró tó kì, pẹ̀lú ìlà pupa rúsúrúsú kan láàárín. Orí mi wú débi pé mo kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ẹgbẹ́ wa wá wo ọgbà mi ní ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ ìkéde. Òdòdó yẹn kì í pẹ́ rọ. Kí Àjíǹde tó dé, ó ti rẹ̀ dànù, ewé rẹ̀ sì ti gùn gbọọrọ, nítorí ẹ̀yìn tó bá tanná tán ni ewé rẹ̀ máa ń gùn. Àwọn àlejò dé, a gbé ìrẹsì àti ẹran fún wọn. Bàbá ẹgbẹ́ dúró ti ebè mi tàwotàwo, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Koríko yìí mà dáa.”

Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ohùn wọn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni mo mú sísọ́ọ̀sì, mo fá gbogbo ewé náà kanlẹ̀. Ewé yẹn ló yẹ kó bọ́ kóró tó wà nínú ilẹ̀ títí yóò fi pọ́n fúnra rẹ̀. Bí èèyàn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, kóró ńlá sábà máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìn tó bá ti tanná, wẹ́wẹ́ yẹn sì lè lo ọdún mélòó kan kó tó ní òdòdó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìlú Ọba fi ń ra tuntun lọ́dọọdún. Tèmi le ju bẹ́ẹ̀ lọ: mo febi pa ìyá kó tó bímọ.

Ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Màmá ni mo máa ń pè wọ́n, ti ń wo gbogbo eré yìí láti ẹ̀yìn ọgbà. Àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n bá fún mi ní áírísì onírùngbọ̀n. Eléyìí kì í ṣe kóró, iṣu tó ń fẹ̀gbẹ́ rá lórí ilẹ̀ ni. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé, “Má bò ó mọ́lẹ̀ o. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yá oòrùn.” Mo ní mo ti gbọ́, mà. Bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ọmọ Ìsẹ́yìn wo ló ń fi iṣu sílẹ̀ níhòòhò? Mo bò ó, mo tún bomi rin ín dáadáa.

Òórùn ló tú àṣírí mi. Màmá fi ìka gbo ilẹ̀ kúrò, a sì bá ìdajì iṣu náà tó ti rọ̀ ṣọ̀ọ̀, tó ń rùn. Bí wọ́n ṣe ń gé ibi tó jẹrà kúrò ni wọ́n ń sọ fún mi pé irú iṣu yìí ni wọ́n ń fi ṣe lọ́fínńdà, pé ó pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìn ín fún un ní agbègbè Florence ní Ítálì. Ọ̀rọ̀ wọn ò tíì parí, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ èyí tó wù mí. Mo yọ́ mú ègé kan tó dáa, mo wé e sínú áńkáṣíìfù, mo fi há àárín agbádá sányán mi nínú àpótí. Ìyókù ọ̀rọ̀ Màmá ni pé wọ́n á kọ́kọ́ bó o, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó máa ta sánsán. Tútù ni mo kó tèmi wọ àpótí. Nígbà tí mo yọ agbádá náà láti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ó ti bu. Mo gbọ̀n ọ́n, mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi lọ jókòó sí apá kejì gbọ̀ngàn.

Ìwọ̀nba tí Màmá gbà là nínú iṣu yẹn tanná ní ìparí oṣù karùn-ún, ó sì ga dé ìbàdí lóòótọ́. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n máa ń hú u, wọ́n á gé e bí ẹbu, wọ́n á gé ewé rẹ̀ kúrú, wọ́n á tún un gbìn. Ibẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ bàbá mi ti wúlò fún mi. Màmá fún mi lọ́bẹ, wọ́n dúró tì mí, ọ̀kankan ò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti wá pọ̀ ju ilẹ̀ wa lọ báyìí. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí, tí oòrùn sì ń pa ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kó mú àpò wá láàárín oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Màmá ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà ò sì ní gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.