Jíìpù Tó Ń Kúnlẹ̀

Iye kan náà ni alágbàtà pe àwọn ọkọ̀ méjèèjì. Tòkunbọ̀ ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn ò sì ju ara wọn lọ. Corolla 2005 kan wà lápá òsì, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn. Lápá ọ̀tún ni jíìpù Jámánì kan tí n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é: dúdú tó ń dán, àga aláwọ, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ. Mo wo alágbàtà náà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ọkùnrin yìí ò mọ iyì ohun tó ń tà. Kí ojú rẹ̀ má baà là, mo sáré sanwó.

Ẹ má rò pé n kò ṣírò o. Ìwé tí mo fi ṣe é wà nílé títí dòní: owó ọkọ̀, owó ìwé ọkọ̀, owó nọ́ńbà, títí dé owó ẹlẹ́rìndòdò tí a ó fi wẹ ọkọ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìdí tí jíìpù tí owó rẹ̀ ń ra Corolla mẹ́ta nígbà tí wọ́n wà ní titun fi wá di ẹgbẹ́ Corolla. Ọjà ti ṣírò tirẹ̀ kí n tó dé. Gbogbo àwọn tó wò ó tí wọ́n gba ibòmíràn lọ ti yọ owó àtúnṣe kúrò lára iye rẹ̀. Èmi rí ohun tó ṣẹ́kù, mo pè é ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ adùn rẹ̀ ná. Láti Agége dé ilé iṣẹ́ wa ní Ọba Akran, kò sí máìgáàdì tí kì í kí mi. Akọ̀wé owó wa, tó ń wa Corolla, inú gíláàsì títì ni mo ti ń juwọ́ sí i. Ìgbà tí sáfíìsì tó ni mẹkáníìkì wa nítòsí Pen Cinema, tí gbogbo wa ń pè ní Àfáà, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ń fi ìka ka plọ́ọ̀gì. Ó kà á tán, ó tún un kà. Mẹ́rin ni ti Corolla. Tèmi jẹ́ mẹ́rìndínlógún, méjì méjì nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì tí Corolla ń mu tó lítà mẹ́rin, tèmi mu mẹ́jọ. Àfáà nu ọwọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ méjì lẹ rà o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Ti epo kò gba àlàyé. Ní 29 May 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà tí à ń rà ní Èkó ní nǹkan bíi náírà 185 sì di 488. Ẹ wá fi sìlíńdà mẹ́jọ sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Agege Motor Road.

Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni kí n sọ. Ọkọ̀ yìí kò ní sípíríǹgì. Apò rọ́bà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ló gbé e ró, pọ́ǹpù kékeré kan ló sì ń fẹ́ ẹ. Rọ́bà gbó, oòrùn tún là á, afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde lóru. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ báyìí, mo bá jíìpù lórí eékún, imú rẹ̀ kanlẹ̀. Ọmọ aládùúgbò tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró wò ó: "Dádì, ṣé ọkọ̀ yín ń kírun ni?" Mo ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ó lè rọrùn fún àgbàlagbà láti wọ̀. Mo ṣáná sí i, ó dìde ní ti tòótọ́, ọmọ náà pàtẹ́wọ́. N kò mọ̀ pé pọ́ǹpù tó ń fẹ́ apò tó ti lu kì í sinmi. Kò pẹ́ tí òun náà fi jóná, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ sì ni jíìpù kúnlẹ̀ sí, tó dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ọ̀gá àgbà.

Peugeot 504 ni bàbá mi wà. Kaduna ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní 1975, Ọba Akran níbí sì ni Dunlop ti ń ṣe táyà, kí wọ́n tó ṣíwọ́ ní 2008. Ibi tó bá bàjẹ́ sí ni bàbá mi ti ń rí ohun tí yóò fi tún un ṣe. Èmi ní láti dé Ládípọ̀, ní Mushin. Àwọn ọmọ tó ń fa oníbàárà láṣọ fà mí títí mo fi dárúkọ apò. Wọ́n fi mí sílẹ̀. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù kan ló bi mí pé, "Titun ni àbí Belgium?" Ó bu iye titun, mo ní kó bu ti Belgium, ìyẹn àlòkù, mo sì ní kó jẹ́ kí n jókòó. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023 ti kọjá 1,400 nígbà náà.

Àfáà ló gbà mí. Ó yọ apò dànù, ó ki sípíríǹgì ọkọ̀ mìíràn bọ ibẹ̀. Iná pupa kan ò kú mọ́ níwájú mi, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ pa. Jíìpù kò kúnlẹ̀ mọ́. Fífò ló wá ń fò, bẹ́ẹ̀ n kò tíì rí gálọ́ọ̀pù tó tán ní Ọgbà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024, mo di ará ibùdókọ̀ Agége. Mo sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ìlera ni mo ń wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá wo jíìpù náà láti rà á. Mo ti fi epo nù ún, ó ń dán. Kò tilẹ̀ wo àga aláwọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tan iná fóònù sábẹ́ táyà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ apò." Ó wọlé, ó fi èékánná ká téèpù dúdú. Iye tó fi lọ̀ mí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ra ọ̀kadà. Mo bínú, mo ní kó máa lọ. Ìyàwó mi ní kí n pè é padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo pè é. Ó ní òun ti san owó Corolla.